Ojú Tó Rẹ̀ Yàtọ̀ sí Ojú Tó Ń Ṣàìsàn
Ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kò jẹ mọ́ èlé, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ owó ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ ojú ni. Ojú tí ẹ fi ń ka ìwé yìí náà lẹ fi ń ka owó. Òun lẹ fi ń mọ ayédèrú náírà yàtọ̀ sí ojúlówó, òun lẹ fi ń yẹ ọjà wò kí ẹ tó san owó rẹ̀, òun náà lẹ fi ń wo oníbàárà dáadáa kí ẹ tó gbà láti tà á láwìn. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Oníṣòwò náà, ojú ló fi ń ṣọ́ ọjà.

Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, ìwé ńlá àti gègé ni akọ̀wé fi ń ṣe ìṣirò ẹgbẹ́. Lónìí, fóònù àti kọ̀ǹpútà ti gba ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹ gba títì láti Ìkòtún, kí ẹ kọjá ní Ìdímù, kí ẹ dé Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ ó rí i fúnra yín. Oní-POS wà lábẹ́ agboòrùn, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀. Ìyá aláṣọ ń ya àwòrán lẹ́ẹ̀sì, ó ń fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp. Nígbà ọ̀wọ́n owó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí a kò rí náírà gbà ní báǹkì, àìmọye oníṣòwò tí kò gba tiránsífà rí ló di ẹni tó ń gbà á. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè ta ọjà kan tán kí a má kọ́kọ́ wo ojú fóònù: "Ṣé álẹ́ẹ̀tì ti wọlé?"

Nítorí náà, àròyé kan ti wọ́pọ̀ láàrin wa. "Ojú ń ta mí." "Ojú mi gbẹ." "Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ńṣe ni lẹ́tà ń di méjì-méjì." Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ìdájọ́: "Fóònù ló fà á." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, kì í ṣe òótọ́ rárá, àṣìmọ̀ náà sì lè gba ojú lọ́wọ́ ènìyàn. Ìdí tí a fi gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀ nìyẹn: kí á lè mọ ojú tó rẹ̀, kí á sì mọ ojú tó ń ṣàìsàn, nítorí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

1. Báwo ni ojú ṣe ń rẹ̀?

Àmì ojú tó rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ojú á máa ta, tàbí kó dà bí ẹni pé iyanrìn wọ inú rẹ̀. Ó lè gbẹ, ó sì lè máa da omi. Lẹ́tà á máa ṣe bàìbàì, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù tí ẹ fẹ́ wo ọ̀nà jíjìn. Orí lè máa fọ́ níwájú, kí ọrùn àti èjìká sì máa ro. Ohun mẹ́ta ló ń fà á.

(a) Iṣan inú ojú. Nínú ẹyinjú, ohun kan wà tó dà bíi dígí kékeré tó mọ́ gaara, iṣan sì yí i ká. Bí a bá ń wo ọ̀nà jíjìn, iṣan náà á dẹ̀, á sinmi. Bí a bá ń wo ohun tó súnmọ́ wa, iṣan náà á fún ara rẹ̀ kí dígí yẹn lè ki díẹ̀, kí á lè rí lẹ́tà. Ẹ gbé garawa omi kékeré kan, kí ẹ na apá yín síwájú. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá pẹ́ díẹ̀, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Omi inú garawa kò pọ̀ sí i o; apá ló rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ojú rí bí a bá tẹjú mọ́ fóònù fún wákàtí mẹ́ta láì gbójú sókè. Bí fóònù bá sì ṣe súnmọ́ ojú tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ iṣan náà ṣe ń pọ̀ tó.

(b) Omi ojú. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú ń fi omi nu ojú ẹyinjú, bí wáípà ṣe ń nu dígí iwájú ọkọ̀ nínú òjò. Omi náà ní òróró díẹ̀ lórí, tí kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ nǹkan, ó ń gbàgbé láti ṣẹ́jú. Ní ọdún 1993, àwọn olùwádìí méjì ní Japan, Tsubota àti Nakamori, ka iye ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ó jẹ́ nǹkan bí ìgbà 22. Nígbà tí wọ́n ń ka ìwé, ó di 10. Nígbà tí wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó di 7 péré. Wáípà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, nǹkan kò sì rọrùn fún dígí mọ́. Ẹ wá fi fáànù tó dojú kọ ènìyàn kún un, ẹ fi eruku ọ̀nà kún un, ẹ fi ọyẹ́ kún un, ẹ fi èéfín jẹnẹrétọ̀ kún un. Ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ojú ń ta?

(d) Ìmọ́lẹ̀ tí kò bá ara mu. Oní-POS tó wà níta ń bá oòrùn jà. Ìmọ́lẹ̀ ń ta sórí ojú ẹ̀rọ, kò rí òǹkà dáadáa, á wá fún ojú pọ̀ kó tó lè kà á. Ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí NÉPÀ ti mú iná lọ ń jẹ ìyà kejì: gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn, fóònù nìkan ló ń tàn yòò lójú rẹ̀. Méjèèjì ń mú kí ojú ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ eléyìí kó yé wa yékéyéké: ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń mú ojú àgbàlagbà rẹ̀, wọn kì í fọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ kò rí ẹ̀rí pé wíwo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù máa ń sọ àgbàlagbà di afọ́jú. Ojú tó rẹ̀, bó bá sinmi, á padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pariwo pé fóònù yóò fọ́ wa lójú, ìbẹ̀rù lásán ló ń dá sílẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an nìyí: kí á máa pe àìsàn mìíràn ní àárẹ̀ fóònù.

2. Ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi fóònù

Ẹ dán eléyìí wò. Bí ojú bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tẹ̀lé ìmọ̀ràn tó wà ní apá 3 fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìnira náà bá lọ, ojú tó rẹ̀ ni. Bí kò bá lọ, tàbí tó ń padà wá ní gbogbo ìgbà, ẹ má ṣe sọ pé fóònù ni mọ́. Ẹ lọ yẹ ojú wò. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń sápamọ́ sẹ́yìn fóònù.

(a) Ojú àgbà. Láti nǹkan bí ọmọ 40 ọdún, dígí inú ẹyinjú tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kò ní lè ki dáadáa mọ́ láti wo ohun tó súnmọ́ tòsí. Ẹ ó rí ènìyàn tó ń na fóònù jìnnà sí ara rẹ̀ kó tó lè kà á, tàbí aránṣọ tó ń bẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe fóònù ló fà á. Àwọn òbí wa tí kò fojú kan fóònù rí náà ní in. Awò ojú ìkàwé lásán ló ń fẹ́.

(b) Ojú tó ń fẹ́ awò láti ìgbà èwe. Àwọn kan wà tí ojú wọn kò rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, àwọn mìíràn wà tí lẹ́tà ń wọ́ lójú wọn, wọn kò sì mọ̀, nítorí wọn kò rí irú mìíràn rí. Nígbà tí wọ́n wá jókòó ti kọ̀ǹpútà fún wákàtí mẹ́jọ, ojú náà sọ tẹnu rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló dá àìsàn náà sílẹ̀. Òun ló tú u fó.

(d) Cataract. Dígí inú ojú náà ló ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bíi dígí fìtílà tí èéfín bò. Ojú á máa ṣe bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ iwájú ọkọ̀ á máa fọ́n ká lójú lálẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ríran padà lẹ́yìn rẹ̀.

(e) Glaucoma. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ ka èyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbára omi inú ẹyinjú ló máa ń pọ̀ jù, á máa tẹ iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Irú tó wọ́pọ̀ jù láàrin wa kì í dunni, ojú kì í pọ́n, ojú kì í ta. Ẹ̀gbẹ́ ìran ló ń kọ́kọ́ jẹ, tí àárín á ṣì mọ́ kedere. Ènìyàn á máa ka fóònù rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Kí ó tó mọ̀, ohun tó lọ ti lọ. Kò sí òògùn, kò sì sí iṣẹ́ abẹ, tó lè dá ìran tí glaucoma gbà padà. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n dá èyí tó kù dúró, bí wọ́n bá tètè rí i.

Ìṣirò wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láàrin ọdún 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n yẹ ojú ènìyàn tó lé ní 13,000 wò, tí gbogbo wọn ti pé 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 wọn, ó lé díẹ̀ ní 4 tó fọ́jú. Cataract ló fa nǹkan bí 43 nínú gbogbo 100 ìfọ́jú náà, glaucoma fa bí 17. Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù nìyí: nínú 100 ẹni tí wọ́n rí glaucoma lójú wọn, nǹkan bí 94 ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ìwádìí náà fi hàn bákan náà pé, láàrin àwọn tí ìran wọn kàn dín kù níwọ̀nba, àìní awò ojú tó yẹ ló fà á fún èyí tó pọ̀ jù. Ẹ rí i báyìí: àwọn kan ń jìyà lásán nítorí awò ojú, àwọn mìíràn ń fọ́jú láìmọ̀, gbogbo wọn sì lè máa sọ pé "fóònù ni."

Ẹni tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ní glaucoma, ewu rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí ó má dúró de àmì kankan. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà gbọ́dọ̀ máa yẹ ojú wò lọ́dọọdún, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba "ó di ọ̀la". Bí ojú kan bá ṣàdédé ṣókùnkùn; bí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, tàbí ohun dúdú tó ń já bọ̀ bí aṣọ títa; bí ojú bá pọ́n, tó ń dunni gan-an, tí ẹ sì ń bì; bí kẹ́míkà tàbí ẹ̀fọ́ irin bá wọ ojú: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Bó bá jẹ́ kẹ́míkà, ẹ kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ ṣan ojú náà dáadáa fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó gbéra.

3. Ìtọ́jú ojú lẹ́nu iṣẹ́

Òfin kan wà tí onímọ̀ ojú ará Amẹ́ríkà kan, Jeffrey Anshel, gbé kalẹ̀, tó sì rọrùn láti rántí: ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹsẹ̀ bàtà 20 jẹ́ nǹkan bíi mítà 6, kò ju ìbú títì kékeré kan lọ. Ẹ lè ní, "Ta ni yóò máa wo aago lọ́jà?" Òótọ́ ni. Ẹ ṣe é báyìí: bí oníbàárà bá sanwó tán, tó sì ń lọ, ẹ fi ojú sìn ín títí yóò fi dé òdìkejì títì. Ẹ ti sinmi ojú nìyẹn. Bí ọjà bá dá, ẹ gbójú sókè, ẹ kí aládùúgbò yín tó wà ní ìkángun kejì.

Ẹ rántí láti ṣẹ́jú. Kí ìpéǹpéjú òkè pàdé ti ìsàlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe kí ó dé àárín kí ó padà. Ẹ má jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí ojú yín tààrà; ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sí ẹsẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yẹ kó jìnnà sí ojú tó gígùn apá kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sí 70. Kí òkè ojú rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú yín, kí ẹ máa wo ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ má gbé e síwájú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí fèrèsé wà lẹ́yìn yín gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ló dára jù. Oní-POS tó wà níta, kí ó yí àga rẹ̀ padà bí oòrùn bá ti yí.

Ẹ sọ lẹ́tà fóònù di ńlá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ ní kí àwọn ọmọ bá yín ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù bá ti àyíká mu: bó bá dà bí iná tọ́ọ̀ṣì lójú yín, ó ti pọ̀ jù. Lálẹ́, ẹ má ṣe ṣírò owó ọjọ́ náà nínú òkùnkùn pẹ̀lú fóònù nìkan. Ẹ tan iná mìíràn sí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi owó wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oníṣòwò ni wá. Ká sọ pé oní-POS kan ń jẹ èrè ₦100 lórí ₦5,000. Nírọ̀lẹ́, ojú ti rẹ̀ ẹ́, ó fi òdo kan kún un, ó fi ₦50,000 ránṣẹ́. Bí ẹni tó gbà á bá sá lọ, ₦45,000 ti lọ. Oníbàárà 450 ni yóò dá lóhùn láìjẹ kọ́bọ̀ kan kó tó rí owó náà padà. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ ka iye náà sókè ketekete kí oníbàárà gbọ́, kí òun náà sì dáhùn. Òótọ́ kan náà wà fún akọ̀wé àti akápò wa: ìṣirò ẹgbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ aago mọ́kànlá òru.

4. Ohun tí kò yẹ kí á náwó lé

Àkọ́kọ́ ni awò tí wọ́n ní ó ń dènà ìmọ́lẹ̀ búlúù inú fóònù. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tí a mọ̀ sí Cochrane kó ìwádìí 17 jọ lórí rẹ̀. Èsì wọn ni pé ó ṣeé ṣe kí awò náà má ṣe ju awò lásán lọ láti dín ojú rírẹ̀ kù. Ohun tó ń mú ojú rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Àìsinmi àti àìṣẹ́jú ni. Ẹni tó bá wù lè rà á, ṣùgbọ́n kí ó má yáwó lọ rà á.

Èkejì ni òògùn ojú tí wọ́n ń kiri nínú mọ́tò àti èyí tí ènìyàn kàn rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Èyí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Òògùn kan wà tó lè mú kí ojú pupa tètè mọ́, tí inú ènìyàn á sì dùn. Àwọn kan nínú wọn ní dexamethasone tàbí betamethasone nínú. Òògùn tó dára ni wọ́n lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń kán an sójú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí àbójútó, wọ́n lè gbé agbára omi inú ojú sókè, kí wọ́n sì fa glaucoma, wọ́n sì lè fa cataract. Ẹni tó kàn rẹ̀ lójú nítorí fóònù wá fi owó ara rẹ̀ ra ìfọ́jú. Ẹ ka ara páálí òògùn. Bí ẹ bá rí orúkọ wọ̀nyí, tí dókítà ojú kò sì kọ ọ́ fún yín, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ̀, omi ṣúgà, omi iyọ̀, wàrà ọmú àti àgbo tí wọ́n ń rọ sójú. Ojú kì í ṣe awọ ẹsẹ̀. Kòkòrò inú wọn lè ba dígí iwájú ojú jẹ́, kí àpá funfun sì wà níbẹ̀ títí ayé.

5. Àwọn ọmọ wa

Àwa àgbà ni a sọ fún pé fóònù kì í fọ́ni lójú. Ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹyinjú wọn ṣì ń dàgbà. Ọmọ tó bá ń fi gbogbo ọjọ́ wo ohun tó súnmọ́ tòsí nínú ilé lè di ẹni tí kì í rí ọ̀nà jíjìn. Ní ìlú Guangzhou ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 kún àkókò tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan fi ń wà níta lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èsì tó jáde ní 2015 fi hàn pé bí 30 nínú 100 àwọn ọmọ náà ló ní ìṣòro yìí, nígbà tí ó jẹ́ bí 40 nínú 100 láàrin àwọn tí kò jáde bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń sunkún ní ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe fóònù nìkan ni oògùn ẹkún. Ẹ jẹ́ kí ó jáde ṣeré níbi tí ojú yín ti tó o. Ọmọ tó bá sì ń súnmọ́ pátákó ìkọ̀wé tàbí tẹlifíṣọ̀n kí ó tó ríran, ẹ má lù ú. Ẹ mú un lọ yẹ ojú wò.

6. Kí ni àwa lè ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́?

Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn lọ yẹ ojú wò. Owó àti àyè ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀, nítorí irú ìṣòro báyìí ni a ṣe dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo àbá yìí. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 60, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń dá ₦200 lóṣù sí àpò ojú. ₦12,000 nìyẹn lóṣù, ₦144,000 lọ́dún. Kò lè sanwó iṣẹ́ abẹ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè yá ẹni tó nílò awò ojú lówó láìsí èlé, kí ó dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ tún lè pe onímọ̀ ojú wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó yẹ gbogbo wa wò ní ìjókòó kan. Ẹ ṣáà rí i dájú pé ẹni náà ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó àwọn onímọ̀ ojú ní Nàìjíríà, kí á má lọ gbé ojú fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wò.

Ní àdúgbò wa, ilé ìwòsàn ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ nípa ojú yíyẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ibẹ̀ lọ, LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Guinness Eye Centre wà. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ nínú ètò Ìlera Èkó, kí ó béèrè ohun tí ètò náà ń san nípa ojú. Nígbà ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, láàrin 1999 sí 2007, ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò Jígí Bọ́lá, tí wọ́n ń yẹ ojú aráàlú wò, tí wọ́n sì ń fún wọn ní awò ojú lọ́fẹ̀ẹ́. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé àdúgbò wa, kí akọ̀wé tètè kéde rẹ̀, kí á má gbọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti pé 40 ọdún bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí tó bá lọ: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wọn agbára omi inú ojú mi, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ojú náà." Nítorí àyẹ̀wò lẹ́tà ara ògiri nìkan kò lè fi glaucoma tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ hàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ojú tó rẹ̀ àti ojú tó ń ṣàìsàn? Báwo ni a ṣe lè dá wọn mọ̀?

2. Kí ló dé tí ẹni tó ń ka fóònù rẹ̀ dáadáa fi lè ní glaucoma?

3. Ta ni nínú wa tó ti pé 40 ọdún tí kò tíì yẹ ojú wò rí? Kí ló dí i lọ́wọ́?

4. Òògùn ojú wo ló wà nílé yín báyìí? Ẹ mú páálí rẹ̀ wá sí ìpàdé, kí á jọ kà á.

5. Ṣé ẹgbẹ́ wa lè dá àpò ojú sílẹ̀? Èló ni kí á máa dá?

Ẹ̀yin èèyàn wa, fóònù kò ní kúrò lọ́wọ́ wa mọ́, òwò wa sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Kí á máa fún ojú ní ìsinmi tó tọ́ sí i. Bó bá sì sinmi tán tí kò sàn, kí á gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Ojú wa kò ní fọ́, a ó fi rí èrè iṣẹ́ wa, a ó sì fi rí ọmọ-ọmọ wa. Àmín.

Ó di ìpàdé o.